Owó ìwé ìjọba lórí ọjà oko tó ń ròkè òkun: kẹ́ ẹ tà á fún oníláísẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ para pọ̀, àbí kẹ́ ẹ dá a ṣe?

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ní ọjà Ìgbọ̀nà, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé mo ti kó ọjà lọ sókè òkun rí, ni pé "èló nìjọba ń gbà?" Mi ò sì kì í rí èsì kan pàtó fún wọn, torí kì í ṣe ọ́fíìsì kan ló ń gbà á, kì í sì í ṣe bákan náà ni gbogbo wọn ń ṣírò ẹ̀. Òmíì, iye ìwé ni wọ́n ń wò. Òmíì, ìwọ̀n ẹrù. Òmíì, iye tẹ́ ẹ ta ọjà náà fún òyìnbó. Ẹni tó ní 50 kílò ata gbígbẹ àti ẹni tó ní odidi kọ́ńtínà kòkó lè jọ wọ ọ́fíìsì kan náà, kí wọ́n jọ san iye kan náà, oníkòkó á jáde á ní owó yẹn ò tó nǹkan, aláta á jáde á di orí mú.

Torí náà ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni kí n gbé ọ̀nà mẹ́ta tó wà nílẹ̀ fún wa ní Òṣogbo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó bá ẹrù yín mu: kẹ́ ẹ tà á fún ẹni tó ní láísẹ́ǹsì láti kó ọjà ròkè òkun, kẹ́ ẹ para pọ̀ kó kọ́ńtínà kan, tàbí kẹ́ ẹ dá gbogbo ẹ̀ ṣe. Mi ò ní to iye tí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ń gbà sílẹ̀, torí wọ́n máa ń yí i padà, ẹ lọ wo èyí tó wà lórí ìkànnì wọn tàbí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ san án gan-an. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ ni mo fẹ́ kó yé yín, ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí, òun náà ló sì máa sọ bóyá ẹ máa jèrè tàbí ẹ máa jẹ gbèsè.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àwọn tó ń gbowó

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó sún mọ́ wa jù. Tó bá jẹ́ kòkó lẹ ní, kó tó kúrò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn ará pródúsì ìpínlẹ̀, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọjà oko wò, gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sọ gréèdì ẹ̀, kí wọ́n sì fi èdìdì sí àpò. Láti 1986 tí wọ́n ti tú bọ́ọ̀dù tó máa ń ra kòkó ká, ẹnikẹ́ni ló lè ra kòkó, ẹnikẹ́ni ló sì lè tà á, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àyẹ̀wò yẹn ò kúrò lọ́wọ́ ìjọba. Ìwọ̀n ẹrù ni owó tiwọn ń tẹ̀ lé, ẹni tó ní àpò mẹ́wàá ò ní san tó ẹni tó ní igba, ìyẹn ò sì burú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ yẹn torí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé òǹtẹ̀ lásán ni wọ́n ń lù. Irin kan wà lọ́wọ́ wọn tí inú ẹ̀ ní ihò gígùn, wọ́n á ki ẹnu ẹ̀ bọ àpò láìtú u, kòkó á máa ṣàn jáde gba inú irin yẹn, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri àwọn àpò, wọ́n á dà á pọ̀, wọ́n á wá ka 300 ẹyọ sọ́tọ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa fi ọ̀bẹ là sí méjì lóòró, wọ́n á tò ó sórí pákó, inú ẹ̀ á kọjú sókè, ẹ̀yin náà á sì máa wò ó. Èyí tó ti bu á funfun bíi pé wọ́n bu ìyẹ̀fun sí i, èyí tí kòkòrò ti jẹ á lu, èyí tí wọn ò bò tó kí wọ́n tó sá a á le, àwọ̀ ẹ̀ á ṣe bí eérú. Fún gréèdì kìíní, èyí tó bu ò gbọ́dọ̀ ju 3 nínú 100 lọ, èyí tí wọn ò bò tó ò gbọ́dọ̀ ju 3, àléébù yòókù náà 3. Gréèdì kejì fàyè gba 4, 8 àti 6. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ sórí 300 yẹn: tí mẹ́sàn-án bá bu, ẹ ṣì wà ní gréèdì kìíní, tó bá ti di mẹ́wàá, ẹ ti já. Mo ti dúró ti irú pákó bẹ́ẹ̀ rí tí mo ń kà á sínú, méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, ó ṣì ku bí ogún ẹyọ tí wọn ò tíì là, àyà mi ń já. Wọ́n là á tán, kò sí ìkẹwàá. Owó tí mo san lọ́jọ́ yẹn ò dùn mí rárá torí mo fojú mi rí iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe.

Tí ẹrù bá wá dé pọ́ọ̀tù, àwọn ará àyẹ̀wò pródúsì ti ìjọba àpapọ̀ á tún yẹ̀ ẹ́ wò: ìwọ̀n ẹ̀, bó ṣe dáa sí, àti bóyá wọ́n ti fín in lóògùn kòkòrò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń bínú, wọ́n á ní ṣebí wọ́n ti wò ó ní Ọ̀ṣun. Àmọ́ kòkó tó gbẹ dáadáa ní Gbọ̀ngán, tó bá wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó sínú tírélà létí òkun lásìkò òjò, ó lè fa omi, ó lè bu, torí náà àyẹ̀wò kejì nídìí. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé kí ìjọba méjì gbowó lórí àpò kan náà, kí èkejì má sì ka ìwé tí èkíní kọ sí nǹkan kan. Ẹni tó bá rí wọn bá sọ̀rọ̀ kó bá wa sọ ìyẹn, torí ará oko lówó méjèèjì ń bọ̀ wá bá nígbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni NAQS, àwọn tó ń rí sí kòkòrò àti àrùn lára ohun ọ̀gbìn àti ẹran. Àwọn ló ń fúnni ní sàtífíkéètì phytosanitary, fáítò lẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àdéhùn àgbáyé ọdún 1951 ló wà lẹ́yìn ìwé yẹn, òfin 2017 ló sì fẹsẹ̀ NAQS múlẹ̀ nílẹ̀ wa. Fáítò ò sọ pé ọjà yín dùn tàbí pé gréèdì kìíní ni o, ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò tàbí àrùn tí orílẹ̀-èdè tó ń lọ ò fẹ́ ò sí lára ẹ̀. Láti 14 oṣù Kejìlá 2019, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èso tútù tó lè wọ ilẹ̀ Yúróòpù láìní fáítò, àfi ọ̀pẹ̀yìnbó, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, dàbínù àti èso kan tí wọ́n ń pè ní durian.

Ẹrù kan, ìwé kan, bí ti fáítò ṣe rí nìyẹn, ibi tó ti ń ta ẹni tí ẹrù ẹ̀ kéré sì nìyẹn. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ má mú un bí iye tí wọ́n ń gbà gan-an o, ká ní ìwé kan jẹ́ ₦20,000. Ẹni tó ń fi 50 kílò ata ránṣẹ́ ti fi ₦400 kún owó kílò kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ẹni tó kó 12,500 kílò kòkó, náírà kan àti ọgọ́ta kọ́bọ̀ ló bọ́ sórí kílò tiẹ̀. Amẹ́ríkà rí ìṣòro yìí, wọ́n dá tiwọn sí méjì, fún ọ̀pọ̀ ọdún ẹrù tówó ẹ̀ ò tó $1,250 ló ń san $61 fún sàtífíkéètì yẹn, èyí tó bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó jù ú lọ ń san $106. Australia ní tiwọn, aago ni wọ́n ń wò, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí òṣìṣẹ́ bá fi yẹ ẹrù wò ni wọ́n fi ń ṣírò, ẹni tó bá ti to ẹrù ẹ̀ dáadáa sílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ tó dé, owó ẹ̀ á kéré. Ó wù mí kí tiwa náà dà bí ọ̀kan nínú méjèèjì.

Nǹkan kan tún wà nípa fáítò tó ń kó èèyàn sí gbèsè láìfura. Àwọn Yúróòpù ò ní gba ìwé tó ti ju ọjọ́ 14 lọ kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀ wa. Ẹ mọ bí ọ̀nà Apápá ṣe máa ń rí. Tẹ́ ẹ bá sáré gba ìwé sílẹ̀ pé ẹ fẹ́ tètè múra, tí kọ́ńtínà wá há sójú ọ̀nà, ìwé yẹn á kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ máa gba òmíì, ẹ sì máa sanwó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ọkọ̀ dájú kẹ́ ẹ tó gbà á.

NAFDAC ní tiwọn kàn yín tó bá jẹ́ ohun jíjẹ tẹ́ ẹ ti ṣe tẹ́ ẹ sì ti dì sínú ọ̀rá, gàrí, èlùbọ́, ata lílọ̀. Ohun tí iná ti kọjá lára ẹ̀ dáadáa kì í sábà nílò fáítò torí kòkòrò ò lè yè nínú ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń lọ ló ń pinnu, ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ rà á bi wọ́n léèrè lọ́hùn-ún. NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọjà tó ń ròkè òkun, ló ń fún yín ní ìwé tó sọ yín di ẹni tó lè kó ọjà jáde, ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ ilé iṣẹ́ yín sílẹ̀ ní CAC, tàbí lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìwé yẹn ní ọjọ́ tó ń kú, wọ́n sì máa ń tún un ṣe. Owó tiwọn ò wo ẹrù rárá, bóyá ẹ kó kọ́ńtínà kan tàbí ogún lábẹ́ ìwé yẹn, iye kan náà ni.

Owó NESS, èyí tí gbogbo ayé ń pariwo lé lórí

Báǹkì yín ló máa bá yín ṣí fọ́ọ̀mù NXP, òun nìjọba fi ń mọ̀ pé ẹrù báyìí jáde, pé owó báyìí ló sì gbọ́dọ̀ padà wọlé, láàárín 180 ọjọ́. Lórí NXP yẹn ni wọ́n ti ń ṣírò NESS, ìyẹn owó àyẹ̀wò ẹrù kó tó wọkọ̀, òfin 1996 ló gbé e kalẹ̀. 0.5% ni, ìdajì dọ́là lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là, wọ́n ń yọ ọ́ lórí iye tí ọjà náà jẹ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ ojú omi. Tẹ́ ẹ bá ti san án, tí àwọn aṣojú tí ìjọba yàn sì ti yẹ ẹrù náà wò, wọ́n á fún yín ní CCI, ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, láìsí ìyẹn kò sí ibi tí kọ́ńtínà ń lọ.

Kọ́ńtínà 20 ẹsẹ̀ kan ń gba bí igba àpò kòkó, àpò kan 62.5 kílò, ó jẹ́ 12.5 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí tọ́ọ̀nù kan wà ní nǹkan bí $2,500, lọ́dún 2022, owó ẹrù yẹn jẹ́ $31,250, NESS ẹ̀ sì jẹ́ $156. Ní ìparí 2024 tí kòkó fò kọjá $12,000, ẹrù kan náà di $150,000, NESS ẹ̀ di $750. Ó tún já wálẹ̀ ní 2025, nígbà tó wà ní bíi $6,000, NESS padà sí $375. Igba àpò kan náà, àyẹ̀wò kan náà, kò sí ohun tó pọ̀ sí i nínú iṣẹ́ wọn. Àdéhùn GATT tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí òwò, abala kẹjọ, sì sọ ọ́ kedere pé owó tí ìjọba bá gbà fún iṣẹ́ lórí ọjà tó ń wọlé tàbí tó ń jáde, iye tí iṣẹ́ yẹn wọn ni kó sún mọ́, kó má di ọ̀nà láti pawó sápò ìjọba. Ọdún 2017 ni Nàìjíríà tún buwọ́ lu àdéhùn mìíì ní WTO, àjọ òwò àgbáyé, tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yí NESS padà ò jẹ̀bi lójú tèmi.

Ṣùgbọ́n, ohun tí mo fẹ́ kẹ́yin tẹ́rù yín kéré rí rèé: NESS kọ́ ló ń pa yín. Ẹrù $1,000, dọ́là márùn-ún péré ni. Ó ń tẹ̀ lé yín, tọ́jà bá wọ́n ó ga, tọ́jà bá já òun náà á já. Àwọn owó ìwé tí kì í wo ẹrù, NEPC, fáítò, owó tí báǹkì ń gbà lórí fọ́ọ̀mù, owó ajẹ́ńtì, àwọn yẹn ló ń jẹ yín lẹ́yìn, torí kì í dínkù fún ẹnì kankan. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, ẹ kó gbogbo owó tí kì í wo ẹrù jọ sójú kan, ẹ pín in sórí iye kílò tẹ́ ẹ ní. Iye tó bá jáde níbẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tẹ́ni tó ń wá láti Èkó fi ń rẹ́ yín jẹ lórí kílò kan.

Àwọn ọ̀nà mẹ́ta náà wá dà

Màmá kan wà tó ń ra kajú láti ìhà Ìwó, ibi tó ń kó o pamọ́ sí ò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́, níbi tí ẹrù ti ń gba Òṣogbo lọ sí Èkó láti 1907 tí rélùwéè ti dé ìlú wa. Ó pè mí lọ́jọ́ kan.

"Ọmọ mi, àwọn tó ń wá ra ọjà yìí ń jẹ èrè mi lójú mi. Mo fẹ́ gba láísẹ́ǹsì tèmi."

Mo ní, "Ìyá, tọ́ọ̀nù mélòó lẹ máa ń rí kó jọ ní sísìn kan?"

Ó ní, "Mẹ́rin. Tí Ọlọ́run bá ṣe é, márùn-ún."

Kọ́ńtínà kékeré ń gba bíi tọ́ọ̀nù 15 kajú. A jókòó, a mú bírò, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

Tó bá tà á nílé bó ṣe ń tà á tẹ́lẹ̀, kò ní bá báǹkì, NEPC tàbí NAQS kankan fà á. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé kò sanwó wọn o. Ẹni tó ń rà á ti yọ gbogbo ẹ̀ nínú iye tó dá lé e, ó sì ṣeé ṣe kó yọ ju iye tóun máa san lọ, torí òun ń pín in sórí ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù, ó sì ń yọ ọ́ lára yín bí ẹni pé tọ́ọ̀nù mẹ́rin yín nìkan ló ń kó. Síbẹ̀ tẹ́rù yín ò bá tó tọ́ọ̀nù méjì, tówó tẹ́ ẹ fi rà á sì jẹ́ owó àjọ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dá padà lóṣù tó ń bọ̀, ibí yìí ni kẹ́ ẹ dúró, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ gba ìwé gréèdì yín fúnra yín tó bá jẹ́ kòkó, lórúkọ yín. Ẹni tó bá mú ìwé gréèdì kìíní lọ́wọ́ kì í dúnàá dúrà bí ẹni tí ò ní nǹkan kan. Tó bá jẹ́ kajú, ohun tí wọ́n máa wò ni KOR, ìyẹn iye pọ́ùn ọmọ inú tó jáde nínú àpò 80 kílò, àwọn aládàáni ló sì ń wọ̀n ọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó yẹn lọ́wọ́ yín pé owó ìjọba ni.

Tó bá dá gbogbo ẹ̀ ṣe, gbogbo owó tí kì í wo ẹrù á jókòó sórí tọ́ọ̀nù mẹ́rin péré, kọ́ńtínà á lọ pẹ̀lú àyè tó pọ̀ ju ẹrù lọ, owó ọkọ̀ náà ò sì ní dínkù nítorí ìyẹn. A ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò bá a mu. Dídá ṣe yẹ ẹni tó lè kún kọ́ńtínà kan ó kéré tán, tó ti mọ ẹni tó fẹ́ rà á lọ́hùn-ún, tówó ẹ̀ sì lè sùn síta fún oṣù mẹ́ta láìsí pé ilé dàrú. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ lẹ jẹ́, ẹ lọ ṣe é, torí ẹ̀yin lẹ máa mọ iye tí náírà kọ̀ọ̀kan bá lọ, orúkọ yín ló sì máa wà níwájú òyìnbó.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é bí mo ṣe kọ́kọ́ ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́ mi, ajẹ́ńtì kan ní kí n kó gbogbo owó fún òun lẹ́ẹ̀kan náà, òun á bá mi san gbogbo ẹ̀, mo kó o fún un, mi ò rí rìsíìtì kankan. Nígbà tí fáítò jáde, ìwọ̀n tó wà lórí ẹ̀ ni ti kòkó pẹ̀lú àpò, ti NXP sì jẹ́ ti kòkó nìkan. Ìyàtọ̀ yẹn ò tó nǹkan, ìwọ̀n àpò lásán ni, àmọ́ wọ́n ní ìwé méjèèjì ò bára mu. Mo tún sanwó ìwé tuntun, mo sì sanwó àyè tí kọ́ńtínà fi dúró. Láti ọjọ́ yẹn, èmi fúnra mi ni mò ń mú nọ́ńbà RRR jáde lórí Remita, ìkànnì tí wọ́n fi ń sanwó fún ìjọba, lórúkọ kọ́ńpìnnì mi, mo ń san án ní báǹkì, mo sì ń tọ́jú bébà ẹ̀. Láti 2015 tí owó ìjọba àpapọ̀ ti ń wọ àpò kan ṣoṣo, kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ gba owó ìwé ìjọba lọ́wọ́ yín ní kaṣi. Owó iṣẹ́ ajẹ́ńtì lọ́tọ̀, owó ìjọba lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún yín.

Ó wá ku kí wọ́n para pọ̀. Màmá yìí àti àwọn mẹ́ta mìíì, kálukú bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin, kọ́ńtínà ti kún. NXP kan, fáítò kan, CCI kan, a dá owó tí kì í wo ẹrù sí mẹ́rin. NESS ò ní yí o, torí gbogbo ẹrù náà ni wọ́n ń wò, kálukú á san ti ìpín ẹ̀. Tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, NEPC ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò pọn dandan kó jẹ́ kọ́ńpìnnì. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí jù fún àwọn tó wà ní Òṣogbo, torí ọ̀pọ̀ nínú wa wà láàárín tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́jọ, a pọ̀ jù láti máa tà á lówó pọ́ọ́kú, a ò sì tó láti dá kọ́ńtínà kún.

Wàhálà ẹ̀ náà wà. Ẹrù ẹnì kan tó bá lómi lè ba ti ẹni mẹ́ta jẹ́, wọn ò ní pín in níbi àyẹ̀wò. Kẹ́ ẹ tó da ẹrù pọ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn omi wá, ẹ wọn ti kálukú lójú ara yín, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ kòkó lẹ fẹ́ kó lọ Yúróòpù, òfin wọn tuntun lórí igbó gígé tún ń bọ̀, wọ́n ti sún ọjọ́ ẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ṣùgbọ́n wọn ò fagi lé e, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà hàn lórí máàpù. Oko ẹnì kan ṣoṣo tí ò bá ní máàpù á dá gbogbo kọ́ńtínà dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba máàpù oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ yín láti ìsinsìnyí.

Ti àwọn tó ń fi àpò kan àpò méjì ránṣẹ́ sí ọmọ tàbí oníbàárà nílùú òyìnbó lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé kágò ní kílò-kílò, mi ò ní sọ púpọ̀. Àwọn yẹn ti fi owó ìwé sínú owó kílò. Ẹ kàn ní kí wọ́n fi ìwé tó bá ẹrù yín lọ hàn yín kó tó wọ bàálù, tí wọn ò bá rí i fi hàn, ó lè jẹ́ pé kò síwèé rárá, àwọn aṣọ́bodè lọ́hùn-ún á sì dáná sun ọjà yín.

Kí lẹ ń rà pẹ̀lú owó yẹn gan-an

Ẹlòmíì á ní, ṣé a ò lè yẹra fún gbogbo ìwé yìí ni? Oṣù Kẹfà 2015 ni Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá, torí wọ́n bá dichlorvos nínú ẹ̀, oògùn kòkòrò tí àwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀wà kó má bàa jẹ. Wọn ò wo ẹni tó fọ́n ọn àti ẹni tí ò fọ́n ọn, gbogbo wa ni wọ́n tì síta, wọ́n sún ìfòfindè yẹn síwájú lẹ́yìn ọdún kan, ẹni tó ń ṣe ẹ̀wà tó mọ́ náà jókòó sílé. Nígbà tí mo bá ń san owó àyẹ̀wò, ilẹ̀kùn yẹn ni mo ń rà kó má tì. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí n sanwó kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí àpò kan wò. Tẹ́ ẹ bá sanwó àyẹ̀wò, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́.

Àwọn ọjà kan sì wà tí kò sí owó tẹ́ ẹ máa san tó máa jáde: àgbàdo wà nínú ohun tí ìjọba ní wọn ò gbọ́dọ̀ kó jáde, gẹdú náà wà níbẹ̀, oṣù Kẹjọ 2025 sì ni wọ́n tún fòfin de kíkó èso igi ẹ̀mí jáde láìtíì sọ ọ́ di òrí. Ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó rà á jọ.

Kí tírélà tó kúrò ní Òṣogbo, ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ rí bákan náà lórí gbogbo ẹ̀ títí kan àmì ìdánudúró, ìwọ̀n láìsí àpò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, iye àpò náà, orúkọ ẹni tó ń rà á náà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni iṣẹ́ yẹn.

Màmá oníkajú yẹn ti rí àwọn mẹ́ta. Wọ́n ti ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti fẹnu kò lórí ẹni tó máa gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n omi wá àti bí wọ́n ṣe máa dá owó ìwé. Ohun tó kù tí wọn ò tíì yanjú ni orúkọ ẹni tí NXP máa jẹ́, torí báǹkì máa bi ẹni yẹn tí 180 ọjọ́ bá pé tówó ò wọlé. Màmá ní kí wọ́n fi tòun sí i. Mo ní kí wọ́n fi ti ẹgbẹ́ sí i, kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ buwọ́ lùwé. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la tún fẹ́ jókòó lé e.